Yẹ́lò tí Mo Nù Kúrò Lójú Àmínà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá kí mi nílé mi níbí ní Egan, ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ títún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ṣé iṣẹ́ náà dára. Mo dá a lóhùn wéré pé ó dára. Nígbà tó lọ tán ni mo rí i pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo sọ fún un. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ìyókù sílẹ̀, fún òun àti fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Èmi ti ṣubú, ẹ̀yìn ni mo ń wò. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi tún àwọ̀ fọ́tò ṣe, mo sì mọ iṣẹ́ náà, mi ò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ ẹ̀tàn bò ó. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà ní Ìkòtún tí etí rẹ̀ kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, tí ìyá rẹ̀ bá pè é láti ẹ̀yìn kò ní yíjú, ọwọ́ mi sì wà nínú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ mi, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé onífọ́tò ni mí. Èmi kì í ya fọ́tò o. Àwọn onífọ́tò ló ń yà á, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá ní lábù, kí n wo àwọ̀ rẹ̀ kó tó di pé a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ojú kámẹ́rà kò gbọ́n tó ojú ènìyàn. Bí ẹ bá wà nínú yàrá tí gílóòbù àtijọ́ ń tàn, ojú yín á ti bá a mọ́ra, aṣọ funfun á ṣì funfun lójú yín. Kámẹ́rà kì í bá nǹkankan mọ́ra. Á ya aṣọ funfun yẹn bí ẹni fi epo pa á. Bó bá jẹ́ iná gígùn inú ọ́fíìsì ni, ojú ènìyàn á ní àwọ̀ ewé. Bó bá jẹ́ abẹ́ òjìji ilé ni, búlúù á wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ abẹ́ kánópì ni, àwọ̀ tàpólì tí wọ́n ta sókè lẹ ó rí lójú gbogbo èèyàn tó jókòó síbẹ̀.

Àwọ̀ tó wọ fọ́tò láìjẹ́ ti ẹni tó wà nínú rẹ̀, àlejò ni ọ̀gá mi ń pè é. "Báṣírátù, àlejò wo ló wọ fọ́tò yìí?" Àwọ̀ tó jẹ́ ti ènìyàn gan-an, onílé ló ń pe ìyẹn. Iṣẹ́ wa ni ká sin àlejò jáde, ká má sì dí onílé lọ́wọ́.

Ẹ̀gbẹ́dá ni lábù Ọ̀gá Ràímì wà, èmi sì ń ti Shasha fẹsẹ̀ rìn lọ láràárọ̀. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò ní ìtàn nínú. Mọ́sáláásí kan náà ni bàbá mi àti ọ̀gá ti ń kírun, bàbá mi mú mi lọ bá a, ó ní, "Ọmọ yín nìyí." Ó parí. Ti owó, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Mo jẹun, mo wọṣọ.

Ọmọ Ìbàdàn ni Ọ̀gá Ràímì, ó ga, ó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín jàre. Ọ̀gá tó ń pariwo, ẹ ó mọ ìgbà tí inú bá bí i. Ti èmi, mi ò ní mọ̀ títí á fi ní kí n máa lọ sílé. Ọjọ́ tí a wọlé padà lẹ́yìn ọdún Iléyá kan, mo wọ àǹkárá tuntun tí ìyá mi rà fún mi, ó pọ́n bí ọsàn. Mo ti ń retí kí ẹnìkan yìn mí. Ọ̀gá wò mí látòkè délẹ̀.

"Aṣọ yìí dára."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

"Ó dára débi pé á tàn sórí gbogbo fọ́tò tí o bá gbé dání lónìí, o ò sì ní mọ̀ pé aṣọ rẹ lò ń rí. Lọ bọ́ ọ, kí o padà wá lọ́la."

Mo sunkún dé Shasha. Láti ọjọ́ náà, aṣọ dúdú àti aṣọ aláwọ̀ eérú nìkan ni mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, títí àwọn ará àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyá mi pé ta ló kú.

Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ọ̀gá á to fọ́tò mẹ́jọ sórí tábìlì ẹ̀bá fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ti ń wọlé. Á ní kí n kọ́kọ́ wo ògiri. Ògiri náà, àwọ̀ eérú ni wọ́n kùn ún, kò sí kàlẹ́ńdà lára rẹ̀, kò sí nǹkankan. Mo máa wò ó títí ojú mi á fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa bi mí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Kí ló pọ̀ jù níbí?" Bí mo bá ṣi ẹyọ kan, mi ò ní débi ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, ìgbálẹ̀ ni tèmi. Oṣù márùn-ún ni mo fi gbálẹ̀. Pupa àti àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní màjẹ́ńtà ló ń dà mí láàmú, wọ́n jọra wọn lójú mi bí ìbejì. Ìgbà tí mo wá mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n débi pé bí mo bá jókòó níbi ìsinmi, mo ń tún ojú àwọn tó ń kọjá ṣe lọ́kàn ara mi.

Òfin kan wà tí Ọ̀gá Ràímì kì í jẹ́ kó ti ẹnu rẹ̀ kúrò. "Kọ́kọ́ wá funfun," á ní. "Fìlà Àlàájì, eyín, aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì. Bí funfun bá ti yẹ̀, àlejò wà nílé, wá a rí. Bí funfun bá funfun, kò sí àlejò kankan. Àwọ̀ yòówù kí o rí lára ènìyàn nígbà náà, onílé ni. Má fọwọ́ kàn án. Bó bá jọ ọ́ lójú, pe onífọ́tò, kí o bi í léèrè."

Mo rú òfin yẹn lẹ́ẹ̀kan péré lójú rẹ̀. Fọ́tò ìyàwó tuntun kan ni, obìnrin náà dú, adúmáadán. Mo rò pé oore ni mo ń ṣe, mo yí àwọ̀ rẹ̀ títí ó fi pọ́n. Ọ̀gá gbé fọ́tò náà síwájú mi.

"Ta nìyí?"

"Ìyàwó ni, sà."

"Ìyàwó ta?"

Ó ní kí n tún un ṣe bó ṣe yẹ. Nígbà tí obìnrin náà wá gba fọ́tò rẹ̀, ó tajú kán rí èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe lórí tábìlì, ó ní èyí gan-an lòun fẹ́. Ọ̀gá kọ̀ jálẹ̀. Obìnrin náà bínú lọ, kò sì padà wá mọ́. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo rẹ́rìn-ín ọ̀gá lábẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ní bí mo bá ní lábù tèmi, oníbàárà ò ní bínú lọ lọ́dọ̀ mi láéláé. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí lónìí.

Ọdún mọ́kànlá ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó padà sí Ìbàdàn, ibẹ̀ ló sì kú sí. Mo wá gba ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòtún, mo ra ẹ̀rọ àlòkù kan, mo bẹ̀rẹ̀ tèmi. Fíìmù la ṣì ń lò nígbà náà. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló wà lára ẹ̀rọ, ọ̀kan fún yẹ́lò, ọ̀kan fún màjẹ́ńtà, ọ̀kan fún búlúù aláwọ̀ omi. Mo máa yí i díẹ̀, mo máa tẹ bébà kan jáde, mo máa gbé e lọ síbi fèrèsé, mo máa wò ó, mo tún máa padà wá yí i. Ó ń tánni ní sùúrù. Ṣùgbọ́n oore kan wà nínú ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn tí mi ò mọ̀ nígbà náà: bí o bá yí àwọ̀, gbogbo fọ́tò ló ń yí. O ò lè mú yẹ́lò kúrò lójú ẹnìkan kí o má mú un kúrò lára aṣọ rẹ̀, àti ògiri, àti ẹni tó jókòó tì í. Bí o bá purọ́, aṣọ á tú ọ fó.

Nígbà tó yá, kámẹ́rà tí kò lo fíìmù dé, kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí mo rà fi ojú mi gbolẹ̀. Mo tún fọ́tò ọjọ́ kan gbáko ṣe, nígbà tí mo tẹ̀ wọ́n jáde, gbogbo wọn pọ́n bí ẹni din wọ́n nínú epo. Mo pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ, mo bá a jà, kò sì sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Ojú kọ̀ǹpútà gan-an ni búlúù ti pọ̀ jù, èmi sì ń fi pupa lé búlúù tí kò sí nínú fọ́tò. Mo bẹ ọkùnrin náà títí, mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣe kí ènìyàn tó gbà á gbọ́.

Ohun tó wá yí iṣẹ́ padà pátápátá ni búrọ́ọ̀ṣì inú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ti mọ̀ ọ́n. O lè fi kun ojú nìkan, ètè nìkan, kí gbogbo ìyókù fọ́tò wà bó ṣe wà. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ bí nǹkan míì. Ìyá Lábù, ẹ bá mi mú un mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ìyá Lábù, ẹ bá mi nu abẹ́ ojú. Mi ò ní parọ́, inú mi dùn. Àwọn onífọ́tò láti Igando títí dé Abúlé Ẹ̀gbá ń gbé iṣẹ́ wá, wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ fọ́tò ọmọ tuntun í ṣe tó mi. Orí mi wú, mo sì gbàgbé láti máa wo ògiri.

Sàídátù aránṣọ wà ní òdìkejì títì sí mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọlúàbí obìnrin. Bó bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, á kọ́kọ́ sọdá wá kúnlẹ̀ kí mi. Ìyá rẹ̀ ti fi ogójì ọdún gbẹ̀bí ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìyá Agbẹ̀bí ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kò sí ọ̀rọ̀ tí Sàídátù máa sọ tí kò ní ti ìyá yẹn bọ̀ ọ́: màmá mi ní báyìí, màmá mi ní bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ìyá náà ti ṣubú ní balùwẹ̀, wọ́n ti de ẹsẹ̀ rẹ̀, kò lè wá bá a wẹ ọmọ.

Ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sọ ọmọ náà ní Àmínà. Sátidé ni. Mi ò ráyè sọdá lọ, iṣẹ́ pọ̀, mo ní màá lọ kí i ní Mọ́ńdè. Ká ní mo lọ ni, ìtàn yìí ìbá má wáyé. Wásíù onífọ́tò gbé káàdì kámẹ́rà rẹ̀ wá fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ilé mẹ́rin ló ṣe ìnáwó ládùúgbò wa, ẹnìkan náà ni gbogbo wọn gba kánópì lọ́wọ́ rẹ̀, tàpólì yẹ́lò sì ni kánópì ọkùnrin náà. Gbogbo ojú tó wọ kọ̀ǹpútà mi láti àárọ̀ ló yẹ́lò. Mo ń nù ún, mo ń nù ún, ọwọ́ mi ti mọ́ ọn. Ìgbà tí mo dé orí fọ́tò Àmínà, tí ojú rẹ̀ yẹ́lò, mo ní kánópì nìyẹn náà.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́ dáadáa, nítorí ibí ni iṣẹ́ wà. Inú yàrá ni Wásíù ti ya fọ́tò náà, lẹ́bàá fèrèsé, kì í ṣe lábẹ́ kánópì. Aṣọ funfun ni wọ́n fi wé ọmọ, aṣọ náà sì funfun. Ọwọ́ Sàídátù tó gbé e dání hàn níbẹ̀, ó dúdú bí ọwọ́ Sàídátù ṣe máa ń dúdú. Nígbà tí mo mú yẹ́lò kúrò lára gbogbo fọ́tò náà, aṣọ funfun di búlúù. Mo rí i pé ó di búlúù. Ẹni tó bá jókòó ọdún mọ́kànlá lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ràímì, ó yẹ kó dúró níbẹ̀, kó gbé fóònù, kó pe Wásíù. Èmi ò dúró. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà, mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo kun ojú ọmọ náà nìkan. Mo wá fẹ fọ́tò náà tóbi, mo nu ẹyin ojú ọ̀tún, mo nu ti òsì. Mo fi pupa díẹ̀ sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó rẹwà.

Èmi tí mo bí mẹ́rin. Àbíkẹ́yìn mi gan-an ní ibà pọ́njú lọ́sẹ̀ tí mo bí i, tí ara rẹ̀ àti ẹyin ojú rẹ̀ yẹ́lò, tí mo gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Irú ojú yẹn kan náà ni mo fẹ̀ tóbi síwájú ara mi, mi ò sì mọ ohun tí mo ń wò. Ojú iṣẹ́ ni mo fi wò ó, mi ò fi ojú abiyamọ wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sàídátù pè mí lórí fóònù.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ìyá Lábù, ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò Àmínà tí ojú rẹ̀ hàn jù lọ, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí fóònù àbúrò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Fóònù tèmi kì í ya nǹkan dáadáa. Màmá mi ló fẹ́ rí i."

"Wọn ò lè ní sùúrù mọ́, àbí?"

"Wọ́n ní kó jẹ́ èyí tó hàn kedere ṣá."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ojú ọmọ-ọmọ ló ń wu ìyá náà í rí. Mi ò bi í pé kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ hàn kedere. Mo fi èyí tí mo ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ránṣẹ́, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Mi ò ráyè lọ kí i ní Mọ́ńdè. Ní Ọjọ́rú, wọ́n ní Sàídátù ti gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Kò mu ọmú mọ́, ó ń na ẹ̀yìn gan-an-ran, ó ń gbọ̀n. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́run dá a sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Sàídátù pọn ọ́n wá kí mi.

"Mo ti ń rí i láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé ojú rẹ̀ kò rí bó ṣe yẹ, mà. Mo sọ fún màmá mi. Wọ́n ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́, kí àwọn wo ẹyin ojú rẹ̀. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ yẹn, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní ẹyin ojú rẹ̀ funfun báláú, pé iná yàrá mi ló ń tàn mí jẹ, kí n má dààmú, kí n máa fún un lọ́mú. Dókítà wá ní ká ní mo tètè gbé e wá ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni..." Kò parí rẹ̀. "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣá."

Nígbà tó lọ tán, mo wá fọ́tò tí Wásíù gbé wá kàn, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo fi ránṣẹ́. Ọmọdé tí kò mọ nǹkankan nípa àwọ̀ á rí i.

Mi ò sọ fún un. Ẹ má bi mí pé kí ló dé, mo ti bi ara mi títí ó sú mi. Mo kọ́kọ́ ní kí ara ọmọ yá ná. Nígbà tí ara ọmọ yá, mo ní kí ló tún kù tí mo fẹ́ máa sọ. Àfìgbà tó ku díẹ̀ kí Àmínà pé ọmọ ọdún méjì, tí áyọ́ọ̀nù Sàídátù já bọ́ lulẹ̀ gbàgà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ fò sókè. Àmínà ń fi bọ́tìnnì ṣeré, kò gbé orí sókè. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn, wọ́n ní etí rẹ̀ kò gbọ́, àìsàn ọjọ́ yẹn ló fà á. Nígbà yẹn ọ̀rọ̀ náà ti tóbi ju ẹnu mi lọ.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣoore. Fọ́tò Àmínà, ọ̀fẹ́ ni. Bàtà ọdún rẹ̀, èmi ni. Nígbà tí wọ́n rí ilé ìwé tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń mú un lọ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá wọ Sàídátù lọ́rùn, èmi náà sì kọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní irú mi ṣọ̀wọ́n. Sàídátù á ní, "Ọlọ́run ò ní gbàgbé yín, mà. Ẹ̀yin lẹ dúró tì mí." Mo máa ń ṣe àmín.

Ìyá Agbẹ̀bí wá sí Ìkòtún nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ san, tí ọ̀rọ̀ etí ti hàn síta. Ó sọdá wá kí mi, ó jókòó sórí àga oníbàárà.

"Ẹ̀yin lẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́sí. Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó mí kanlẹ̀. "Ojú mi ti kú, Ìyá Lábù. Ìgbà kan wà tí mo máa dúró lẹ́nu ọ̀nà tí màá ti mọ ọmọ tó ní ibà pọ́njú. Tọmọ-ọmọ mi wá dé iwájú mi, mo wò ó, mi ò rí i."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Àwọn abiyamọ ṣì ń gbé ọmọ wá pé kí n bá wọn wò ó. Mo ti ní kí wọ́n yéé wá. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti kú, kí ló tún fẹ́ wò?"

Kọ̀ǹpútà wà lẹ́yìn mi, fọ́tò méjèèjì wà nínú rẹ̀. Mo dìde, mo lọ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un. Ó mu ún, ó ṣàdúrà fún èmi àti àwọn ọmọ mi, ó lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ọ. Àwọn fóònù ti ń fi ara wọn tún àwọ̀ ṣe báyìí, ṣùgbọ́n fóònù ò mọ̀ bóyá kánópì ló mú ojú ọmọ yẹ́lò tàbí àìsàn ni, ẹnìkan ṣì gbọ́dọ̀ wà tó máa béèrè. Ẹ má ju ojúlówó fọ́tò nù. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá mọ̀. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ọjọ́ tí mo ṣe iṣẹ́ kẹ́yìn, Àmínà ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Sàídátù sọdá wá láàárọ̀, ojú rẹ̀ wú. Ìyá rẹ̀ ti kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó mú fọ́tò ìyá náà kékeré kan dání, kí n bá a fẹ̀ ẹ́ tóbi fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ.

"Títí wọ́n fi kú, Àmínà ni wọ́n ń bẹ̀," ó ní. "Wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n á ní, 'Àmínà, dárí ji ojú mi.' Àmínà ò kúkú gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ."

Mo ní kó jókòó. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo gbé fọ́tò méjèèjì síwájú rẹ̀, mo ní èyí ni ti Wásíù, èyí ni mo fi ránṣẹ́ sí màmá rẹ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, kánópì, aṣọ tó di búlúù, búrọ́ọ̀ṣì. Sàídátù ò pariwo. Ó sún mọ́ ọn, ó ń wo ẹyin ojú ọmọ rẹ̀.

"Ojú mi ò tàn mí nígbà náà."

"Kò tàn ọ́."

"Ojú màmá mi náà ò kú."

"Kò kú, Sàídátù."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ọjọ́ tí o pọn ọ́n wá kí mi, lẹ́yìn ilé ìwòsàn."

Ó yíjú sí àga oníbàárà. "Lọ́jọ́ tí màmá mi jókòó síbí, tí wọ́n ṣàdúrà fún yín, ẹ ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀."

Mo kúnlẹ̀. Èmi tí mo tó ìyá bí i, mo kúnlẹ̀ fún un, kò sì ní kí n dìde. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ balẹ̀.

"Tèmi, mo lè gbà á lọ́wọ́ yín, bó pẹ́ bó yá. Ti Àmínà, òun fúnra rẹ̀ lẹ máa bẹ̀. Ti màmá mi ńkọ́, mà? Ta lẹ fẹ́ bẹ̀?"

Ó mú fọ́tò ìyá rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó sọdá títì padà. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà nígbà tí Àmínà wọlé láti wá ìyá rẹ̀. Ó rí mi nílẹ̀, ó rò pé nǹkan mi ló bọ́. Ó fi ọwọ́ bi mí pé kí ni mo ń wá, òun náà kúnlẹ̀, ó ń bá mi wo abẹ́ tábìlì. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ oúnjẹ, mo mọ bàtà, mo mọ ilé ìwé. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè síwájú rẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe máa fi wọ́n sọ ọ́.